Mo Sọ fún Bàbá Tísà Pé Kọ̀ǹpútà Kì Í Gbàgbé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi, mi ò sì ní dárúkọ ìlú wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé etí òkun ni, nílẹ̀ Ìlàjẹ, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Ayétòrò. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ka ìwé kan sétí gbogbo ìlú, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ wà nínú ìwé náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Èmi kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ, ọkọ ló gbé mi débẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá pákó, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tí mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é ládùúgbò wa. Ẹni tí kò bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìgbókọ̀dá. Kí n má parọ́ fún yín, ìyẹn jẹ́ kí n máa gbéra ga díẹ̀.

Bàbá Tísà ni àbúrò bàbá ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé lọ, òun ló mú bírò, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń gbé ilé kìíní, ta ló ń gbé ìkejì, ògiri ta àti ti ta ló jọ kanra. Ó ń bi àwọn àgbà léèrè kí wọ́n tó kú. Òpópónà mẹ́ta ló ti lọ báyìí. Tí ẹ bá dúró sétí omi lónìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan níwájú yín ju omi lọ.

Lọ́dún kan, omi wọ yàrá rẹ̀, ó sì ba gbogbo ìwé rẹ̀ jẹ́. Ìtùnú rẹ̀ ni pé ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá àtijọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ fún un. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́dún kan.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó wà á wá bá mi fúnra rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wù òjò rẹ̀ ló fi bo ẹ̀rọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì rin gbingbin.

"Ìyàwó wa," ó ní, "gbogbo ìlú ló wà nínú ẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni mo dá a lóhùn. Mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Inú kọ̀ǹpútà yẹn pín sí méjì, bí ilé oníyàrá méjì. Yàrá kìíní ni ètò tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ wà. Bí ètò yẹn bá bàjẹ́, a ó nu yàrá náà mọ́, a ó sì fi tuntun sí i. Yàrá kejì ni àwa oníṣẹ́ máa ń kó ìwé sí, a kì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkìtìpupa kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní kí n tó nu ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ tú hàádì dísìkì tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí n fojú ara mi rí ohun tó wà níbẹ̀.

Mi ò ṣe é. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, torí pé ọjọ́ kejì ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Ẹ̀rọ fi hàn mí pé yàrá kejì kún, mo ní ibẹ̀ náà ni ìwé bàbá máa wà. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo yíjú sí ẹlòmíì.

Nígbà tí mo parí, mo ṣí yàrá kejì. Orin ìjọ ló kún ibẹ̀, àti fọ́tò àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni bàbá to ìwé rẹ̀ sí, kó lè máa rí i bó bá ti tan ẹ̀rọ. Ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, yàrá kìíní ló wà. Mo ti nù ún.

Gbogbo ètò tí a fi ń wá ohun tó ti lọ ni mo lò. Àjákù díẹ̀ ni mo rí: orúkọ tí kò ní ilé, ilé tí kò ní orúkọ.

Ó yẹ kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí nígbà náà. À bá jọ jókòó, kó máa pè é, kí n máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ì bá gbà wá. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú mi. Mo rò ó pé wọn ò ní gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi mọ́, àti pé wọ́n á máa sọ pé ìyàwó tó jẹ́ àlejò ló pa ìtàn ìlú rẹ́. Mo sọ fún bàbá pé kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mo to ìlú náà bó ṣe wù mí. Orúkọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ mi, mo fún un ní ilé. Ibi tó ṣófo, mo fi ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ mi dí i. Ibi tí mi ò ti gbọ́ nǹkan kan, mo finú rò ó. Ọlọ́run dárí jì mí.

Bàbá Tísà wá, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á. Kò pẹ́ tó fi ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ilé Màmá Ẹbùn dà? Ìkẹta ni. Ògiri èmi àti wọn ló jọ kanra."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn. Èèyàn ló ń gbàgbé, sà. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó tún ìwé náà kà láti òkè. Lẹ́yìn náà ló pè mí ní ọmọ bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pè é, ó ní, "Ọma mi, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ti dé. Wọ́n gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó má dá wa ọkọ̀ mọ́. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á. Ó ti wá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó ń fi sápò, kó má bàa gbàgbé wọn. Kò gbàgbé wọn rí. Orí rẹ̀ pé bí orí tèmi.

Ẹ wá wo ibi tọ́rọ̀ dé. Ìlú ti rí ilẹ̀ tuntun lókè odò, níbi tí òkun ò dé. Wọ́n ní bí ilé ṣe tẹ̀ léra tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ṣe pín in, kí ará àti aládùúgbò má bàa yà. Ìwé Bàbá Tísà nìkan ni wọ́n máa tẹ̀ lé, torí pé kálukú ti ń sọ pé iwájú lòun wà. Ó ti ta sétí ìlú pé Màmá Ẹbùn kò sí nínú ìwé náà. Wọ́n ti ń sọ pé ó ní láti jẹ́ pé ayálégbé ni. Obìnrin opó tó ti ń yan ẹja níbẹ̀ láti kékeré!

Ó sunkún lọ bá Bàbá Tísà. "Tísà, ṣé ẹ ò mọ ilé mi ni? Ẹ ò jẹ púpurú níbẹ̀ rí ni?"

Bàbá náà sunkún. Ó ní, "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ní irọ́ ni."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀, níbi tí mo ti tẹ ìwé náà jáde fún un. Òun ló máa ka ìwé náà, kò sì fẹ́ ṣì í pè níwájú ìlú. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kọ́ ọ sórí bí ọmọléèwé. Omi ti dé abẹ́ ṣọ́ọ̀bù báyìí, mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ pákó bó ṣe ń gbá òpó. Ohùn bàbá lókè, ohùn omi nísàlẹ̀. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní bí mo bá lè gba òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀, màá yí ìwé náà padà, ẹnì kankan ò ní mọ̀. Mo gbé ìwé náà pamọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ṣeré. Ta ló ń gbé ilé kẹta?"

Orúkọ tí mo finú rò ló fi dá mi lóhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ṣé mo gbà á?"

Mo ní, "Ẹ gbà á, sà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ òtítọ́ bá ti gbà gbọ́ pé irọ́ ni, ta ló máa bá òtítọ́ lé irọ́ náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un báyìí, ṣé ó máa gbà mí gbọ́, àbí ó máa rò pé àánú òun ló ń ṣe mí? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, àbí kí n dìde lọ́jọ́ Sátidé níwájú gbogbo èèyàn?

Ohun kan ni mo ṣì di mú. Nígbà tí mo bi í nípa ilé kẹta, kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó wo ọ̀nà etí òkun, ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀, bí ẹni fẹ́ pe orúkọ kan. Lẹ́yìn náà ló gbé e mì, tó sì sọ ohun tí mo kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ó ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.