Ìdí Tí Mo Fi Yan Kọ̀ǹpútà Náà

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a ń ya fídíò ní Òṣogbo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé àjọ̀dún wa, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ irú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí wọ́n rà fún ẹ́díìtì, ìyẹn gígé àti títo fídíò, àti irú sọ́fútíwíà tó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní èmi Barnabas ni mo kọ́kọ́ ra irú rẹ̀ nínú wa, pé mo rí ọ̀la kí ọ̀la tó dé. N kò rí nǹkan kan. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí fún ọ̀pọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì parọ́ fún yín, àfi pé mo fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. Julianah ìyàwó mi ti wà nínú ilẹ̀ báyìí ní Iléṣà. Kò sí ẹni tí mo tún ń bò láṣìírí mọ́. N óò kọ ohun tí ẹ bèèrè, n óò sì kọ èyí tí ẹ kò bèèrè.

Ohun tí ẹ bèèrè kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi bí kọ̀ǹpútà ṣe yára tó tàn yín. Háàdì dísìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán ń gbé. Bí kò bá tóbi, tí kò sì yá, àwòrán yóò máa tiro bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo mẹ́mórì. Ẹ ra káàdì tí ó lè gba àwòrán wọlé láti inú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì lè dá a padà sórí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn kan wà tí ń gbà tí kì í fúnni. Ní ti sọ́fútíwíà, ẹ yan èyí tí ó lè to àwòrán sórí àwòrán, tí ó lè mú kí fọ́tò àti lẹ́tà máa rìn, tí ó sì ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán. Ẹ ra bátìrì tí yóò gbé kọ̀ǹpútà ró nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fi ra tèmi.

Èmi àti Táòfíkì la jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, lẹ́bàá agbo ilé wọn. Ẹ̀rọ fídíò méjì la fi ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń gbé àwòrán jáde, ọ̀kan ń gbà á sílẹ̀. Táòfíkì mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Níbi tí a bá ti gé àwòrán, àwòrán yóò fò díẹ̀, ohùn yóò sì dún "kà" lábẹ́ rẹ̀. Táòfíkì lè wà ní ẹ̀yìnkùlé kí ó sọ gbogbo ibi tí a ti gé e. Nígbà tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun ní 1997, kọ̀ǹpútà kékeré tí ń kọ orúkọ sórí àwòrán ló fẹ́. Ó ní ohun tí ìyàwó ọ̀ṣìngín ń fẹ́ ni kí orúkọ òun máa fò bí ẹyẹ, pé ta ló ń wo ibi tí a ti gé e. Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà Pentium tí ó ní káàdì fídíò ni kí a rà. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ọmọ míṣọ̀n, gbogbo nǹkan tìẹ ló gbọ́dọ̀ funfun bí aṣọ àlùfáà." Mo ní ọjọ́ iwájú ni mò ń wò. Ó gbà fún mi, nítorí ó fọkàn tán mi. Ohun tí mò ń wò ní tòótọ́ wà nínú àpótí mi nílé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni, àbúrò mi ló sì wà nínú rẹ̀.

Wúrà ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ìyá wa bí lé mi. Tíṣà ni ní Òṣogbo, Táòfíkì ló sì bá a wá yàrá nínú agbo ilé wọn. Níbẹ̀ ni òun àti Àdíját, àbúrò Táòfíkì, ti di ọ̀rẹ́, tí wọ́n jọ ń dáná. Ọkọ Wúrà kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ kí ó tó bí Ìléríolúwa. Àìsàn mú Wúrà náà láìpẹ́ sí ìgbà tó bímọ, omi ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Àdíját ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Waliyullah nígbà náà. Ó gbé Ìléríolúwa sí ọmú kejì. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ọmọ tí obìnrin bá fún lọ́mú bẹ́ẹ̀ ti di tirẹ̀, kò sì lè fẹ́ ọmọ inú rẹ̀ mọ́. Èmi àti Julianah kò bímọ. A máa ń lọ wo ọmọ náà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, Julianah kì í sì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé.

Nígbà tí Wúrà rí i pé òun kò ní dìde mọ́, ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá bá òun ní ọsibítù ní Iléṣà. Ó ní àwọn ẹbí wa fẹ́ràn iyàn jíjà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra òun. Èmi àti òun nìkan la wà nínú yàrá. Èdè ilé wa ló sọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ikọ́. Ohun tó sọ ni pé kí Àdíját tọ́ Ìléríolúwa, nítorí òun ni ọmọ náà mọ̀ ní ìyá. Pé kí èmi àti Julianah máa lọ wò ó, kí a kọ́ ọ ní orin ìjọ wa, kí a má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tó parí, ó bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ó wọlé?" Mo ní ó wọlé. Ó kú lọ́sẹ̀ yẹn, a sì sin ín. Mo sọ fún ẹbí pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fún mi láàyè kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Táòfíkì lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ẹ̀rọ méjèèjì tí a ní gé e, àpá yóò hàn, Táòfíkì ni yóò sì kọ́kọ́ rí i.

Mo gé e ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, nígbà tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rìn ní títì, tí Táòfíkì sì ń kó gọ́tà pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì wọn. Julianah jókòó tì mí. Mo mú "Mo fẹ́ kí" níbì kan, mo mú orúkọ tiwa níbòmíràn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ "tọ́ Ìléríolúwa." Orúkọ Àdíját, gbogbo ibi tó ti wà, mo gé e dànù. Ohùn náà ń lọ geere. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ló fò, nítorí orí rẹ̀ ti yí díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Julianah ló yan fọ́tò tí a fi bò ó, èyí tí Wúrà ti gbé ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Jẹ́ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má dà bíi pé a fi bo nǹkan." Mo jẹ́ kí ó máa rìn. N kò sunkún. Mò ń wo ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́ bí télọ̀ tí ń wo ojú rírán aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ìgbàgbọ́ ni, kí ọmọ Wúrà má baà dàgbà sínú ẹ̀sìn mìíràn. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọmọ ni mo fẹ́.

Ẹbí péjọ sí Iléṣà, ní pálọ̀ Bàbá Micah, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Àdíját pọn ọmọ náà wá láti Òṣogbo, Táòfíkì sì bá a wá. Nígbà tí fídíò náà parí, àwọn obìnrin ń nu ojú. Àdíját ní èyí kọ́ ni ohun tí Wúrà sọ fún òun. Kò pariwo. Bàbá Micah ní, "Ìyá Waliyullah, ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́, gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ. Ṣé òkú ló wá ń parọ́ ni?" Àdíját yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ó bá òun wò ó bóyá wọ́n gé e. Táòfíkì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mo fi gbé fọ́tò sí i. Kò mọ̀ pé ó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kí ó má ní àpá. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ó di ojú, ó ń fi etí wá "kà" tí ó mọ̀. Ó ní kí wọ́n dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Nígbà tó lajú, èmi ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ló wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Àdíját, n ò gbọ́ ibi tí wọ́n gé e." Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ni mo fi jí ọmọ gbé.

Àdíját kò jókòó. Ó ní, "Bọ̀dá Barnabas, ẹ jẹ́ ká wo èyí tí ẹ ò tíì fi fọ́tò sí." Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, pé bí a bá ti ṣe ẹ́díìtì tán, a máa ń ya iṣẹ́ mìíràn lé orí èyí tí a gbé lọ sóde. Mo ní a ti ya iṣẹ́ mìíràn lé e. Táòfíkì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí mi, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Julianah gba ọmọ lẹ́yìn Àdíját. Ìléríolúwa di aṣọ Àdíját mú, ìka ni wọ́n fi tú ìka rẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ ló kù. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, wọ́n pè mí sí ìyàsímímọ́ ilé ìjọsìn kan ní Ọ̀tan-Ilé. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun wà nínú báàgì mi. Mo fi í sílẹ̀, mo ki ti Wúrà bọ inú kámẹ́rà, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn náà, ibẹ̀ ló ti ń kí ẹbí. Nígbà tí ìjọ ń wọlé pẹ̀lú orin, ibẹ̀ ló ti ń pe Àdíját. Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà sórí pẹpẹ, ibẹ̀ ló ti ń bi mí bóyá ó wọlé. Mo mọ̀ ọ́n bí ó ti ń lọ, mo sì ń yà á lọ. Àwọn ará Ọ̀tan-Ilé ní àwòrán náà dára púpọ̀.

Táòfíkì kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà pípẹ́. Ọdún yìí ló jókòó kọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí kí n wá gbọ́ àdúrà Alfa kan tí ó yà níbi ìsọmọlórúkọ. Mo gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Barnabas, ikọ́ Alfa dà?" Ó ní, "Alfa wúkọ́ títí tó fi ṣe àmín. Èmi ni mo kó ikọ́ náà kúrò, èmi tí mo gé e ò sì gbọ́ ibi tí mo gé e." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi lo fi ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí àbúrò mi." Kò bú mi. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Julianah ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Mo sọ fún un pé Táòfíkì ti mọ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun kú gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ náà. Mo gbà fún un. Ó kú lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò bá ẹ̀rọ wí. Ẹ rà á, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìdí tí ẹ fi fẹ́ ra irinṣẹ́ kan kò bá ṣeé sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ má rà á. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń kú lọ bá sọ̀rọ̀ sí, ẹ má ya nǹkan lé e, bó ti wù kí kásẹ́ẹ̀tì wọ́n tó. Bí wọ́n bá sì gbé fídíò wá fún yín bí ẹ̀rí, ẹ bèèrè èyí tí wọn kò tíì gé. Bí wọ́n bá ní kò sí mọ́, ẹ má tètè gbà.

Mo lọ bá Àdíját kí n tó kọ ìwé yìí. Aṣọ ọmọdé tí ó ń tà ló ń ká lórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò ní kí n jáde, ó ń ká aṣọ lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Báwo ló ṣe pe orúkọ mi?" Mo ní ó pè é, ó pè é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó pè é. Ohùn ẹ̀ ni mò ń bi yín. Ṣé bó ṣe máa ń pè mí tó bá ń rẹ́rìn-ín ni, àbí bó ṣe máa ń pè mí tó bá ti rẹ̀ ẹ́?" Mo fẹ́ pe orúkọ náà bí Wúrà ṣe pè é, n kò rí ohùn náà. Mo ti gbé fídíò tí mo gé yẹn sí fún Ìléríolúwa nígbà gbogbo, kí ó lè mọ ìyá rẹ̀, títí tí ó fi bo èyí tí Wúrà sọ gan-an mọ́lẹ̀ ní etí èmi náà. Mo ní n kò rántí. Ìgbà yẹn ni Àdíját tó sunkún. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ní kí n mú ọmọ òun wá. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bèèrè.

Bàbá Micah, bí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe ìpàdé ẹbí lórí rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti padé fún Kérésìmesì, n óò mú Ìléríolúwa lọ fún Àdíját. Mo ti sọ fún un pé à ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní màmá òun ti kú, pé nínú fídíò, màmá òun ní kí òun máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ní ohun tó wà nínú fídíò yẹn kì í ṣe òótọ́. Ó ní, "Ta wá nìyẹn?" Mo ní màmá rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni tèmi. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ náà lọ.