Ohùn Édouard Ni, Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó

Ẹ̀rọ ti ń yí, mo rí iná pupa rẹ̀. Èmi Sébastien tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní ọjà Missèbo, ní Cotonou, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Mánájà, ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ohùn tó ha yìí yà yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ẹtì làwọn dókítà máa fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun mi. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí n yè é, àmọ́ mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Nítorí náà, ohun tó ń rà nínú mi láti bí ọdún mélòó kan, òní ló máa jáde, ì báà dójú tì mí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi ni mo pàtẹ èké náà. Ẹ̀yin lẹ rà á.

Ẹ ṣì rántí Pale Machines? Ta ló máa gbàgbé wọn! Àwọn ọmọkùnrin òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, tí wọn kì í lùlù, tí wọn kì í ta gìtá, dùùrù oníná nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n wá lé tìróò sójú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọwọ́ atukọ̀ kan ní èbúté ni mo ti gba kásẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́, lọ́dún 1982. Mo fi mànyẹ́tò mi méjì, ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, dà á kọ títí tí mọ́tò wọn fi ń gbóná. Rédíò ìjọba á kígbe “Ehuzu!”, àwa náà á dáhùn “Dandan!”, pé àyípadà dé, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Bí a bá ti dáhùn tán, ó di ìdí Pale Machines. Ìkejì dé, ó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di ọdún 1984, atukọ̀ yẹn padà wá, ó ní, “Sébastien, àwọn èèyàn rẹ ti jà o. Wọ́n ti túká. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ ń ta ilé.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá sídìí àtẹ mi lójoojúmọ́, wọ́n á ní, “Mánájà, ìkẹta ńkọ́?” Èmi ọmọ Pobè tí kò kàwé já, wọ́n sọ mí di mánájà òyìnbó! Ó ń dùn mọ́ mi jọjọ. Mi ò fẹ́ kó tán.

Ẹ jẹ́ n mumi díẹ̀. Ẹ̀mí mi ò balẹ̀, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Édouard Ọláolú. Ọmọ Pobè bíi tèmi, a jọ ṣe kékeré. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ra dùùrù oníná kékeré kan bọ̀ fún un láti Gabon. Orin ara rẹ̀ ló ń kọ, lọ́nà ti Pale Machines, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nílé ìwé. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó máa ń wọni lára. Inú yàrá mi la ti gba odindi kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lásìkò òjò, a fi aṣọ òkìrìkà dí fèrèsé kí ariwo ọjà má baà wọlé. Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Sébastien, bá mi fi ránṣẹ́ sí London. Ìwọ lo mọ ọ̀nà.” Mo ní kò burú. Mo sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lóòótọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ n purọ́ lónìí! Kò pẹ́ tí ìjọba fi kó àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ìwé lọ sí òkè ọ̀hún, lápá àríwá, láti lọ kọ́ ọmọ. Édouard bá wọn lọ sí Natitingou.

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí àtẹ lọ́jọ́ tí ẹnì kan tún bi mí pé, “Mánájà, ìkẹta ńkọ́?” Ẹnu mi ló yá ju orí mi lọ. Mo ní, “Ó ti dé.”

Ohùn òyìnbó yẹn tín-ín-rín, ti Édouard nípọn, mo sì mọ̀ pé ẹ máa fura. Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mànyẹ́tò. Mo yí i díẹ̀ báyìí, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn ọ̀rẹ́ mi bá di tín-ín-rín. Mo dà á kọ bẹ́ẹ̀, mo kọ Pale Machines sí i lára. Gbogbo Cotonou gbà á. Ẹ ní àwọn òyìnbó yìí ò ṣe irú rẹ̀ rí! Édouard ránṣẹ́ sí mi láti òkè, ó ní, “Kí ni wọ́n wí ní London?” Mo rán awakọ̀ sí i padà pé, “Wọ́n ní ohùn rẹ ò dáa tó.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún awakọ̀ náà, àwọn ọmọge méjì ń jó sí ohùn ọ̀hún níwájú àtẹ mi. Ìwà mi nìyẹn. Ìkà ni mí.

Ó dé fún ìsinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Cadjèhoun ń ṣe ijó ní ọgbà ilé ìwé, àwa méjèèjì sì pàdé níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kẹta ni wọ́n fi sí i. Mo rí i tí Édouard dúró gbagidi láàárín àwọn tó ń jó. Ó fò síwájú: “Orin mi nìyí! Èmi ni mo kọ ọ́!”

“Ìgbà wo lo di òyìnbó?” Ẹnì kan ló bi í bẹ́ẹ̀, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Kamaráàdì Ṣàkírù, olórí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó ní, “Ó yá, kọ ọ́ ká gbọ́.” Édouard kọ ọ́. Yéè! Ó dùn, bó ṣe kọ ọ́ nínú yàrá mi gẹ́lẹ́ ni. Àmọ́ ohùn tín-ín-rín ni wọ́n mọ̀, ohùn wúwo ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Wọ́n hó lé e lórí. Ó wá na ọwọ́ sí mi, kò tiẹ̀ bínú, ó fọkàn tán mi ni: “Sébastien nìyẹn. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ẹ bi í.”

Ṣàkírù yíjú sí mi. “Mánájà, ṣé òun ni?”

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, olè ni mí, ọ̀tá àyípadà ni mí, kò sí Mánájà mọ́. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ má bínú sí i. Látìgbà tó ti lọ sí òkè ni orí rẹ̀ ò ti pé mọ́.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Édouard ò jáwọ́. Ó ń lọ láti àtẹ dé àtẹ ní Missèbo, ó ń dá èèyàn dúró pé orin òun ni. Ó fọ́ mànyẹ́tò aránṣọ kan mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun ti ya wèrè.

Èyí tó burú jù ló kù. Léonie àbúrò rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. “Ẹ̀gbọ́n Sébastien, ẹ dákun. Bàbá fẹ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà kan ní Godomey. Wọ́n máa ń so àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló kọ orin yẹn, ẹ sọ fún èmi nìkan. Bàbá nìkan ni màá sọ fún, mi ò ní dójú tì yín.” Inú àpótí tí mo jókòó lé lórí ni kásẹ́ẹ̀tì gidi wà, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kí n kàn dìde ni! Mo jókòó. Mo ní, “Léonie, kò kọ orin kankan. Ẹ tètè gbé e lọ.” Ẹ tètè gbé e lọ! Ta ló ní kí n fi ìyẹn kún un?

Wọ́n so ó láti ìgbà òjò kan dé òmíràn. Mo gbìyànjú láti lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo dé oríta Godomey, mo ra búrẹ́dì, mo sì padà sílé.

Ó ti jáde báyìí, zémídjan ló ń gùn, ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Àpá okùn wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í kọrin mọ́, kì í tiẹ̀ súfèé. Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń jáde nílé ìwòsàn, mo dá alùpùpù kan dúró, òun ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn mi ò jáde. Ó ní, “Má sọ̀rọ̀, Sébastien, ọ̀fun ń dùn ọ́. Mo mọ ilé.” Ó gbé mi délé, ó dì mí mú wọlé, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.” Látọjọ́ náà, mi ò lè jókòó síbì kan.

Édouard, mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí àìsàn. Bí ara mi bá tiẹ̀ le koko, mo ṣì jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀ yìí. Orí rẹ pé. Ìwọ lo kọ gbogbo rẹ̀. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, mi ò ní bi ọ́ ní ìdí. Léonie, àbúrò mi, bàbá yín kú láìmọ òtítọ́, ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bó bá jẹ́ pé ẹnu yín ló lè tú ẹnì kan sílẹ̀, ẹ má jókòó.

Ẹni tó bá ní Pale Machines ìkẹta nílé, kó pa orúkọ òyìnbó rẹ́, kó kọ Édouard Ọláolú. Kásẹ́ẹ̀tì gidi yẹn ni mo dà kọ sí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo ti dá síkúrù padà sí àyè rẹ̀. Ẹ dà á kọ, ẹ pín in, ẹ má gba kọ́bọ̀. Tèmi ti tán. Ẹ yí i sí ojú kejì, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.