Ọkọ̀ Aláìlórùlé Tí Mo Fi Orúkọ Bàámi Rà

Ẹ jókòó dáadáa. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo yín, ọwọ́ mi méjèèjì lórí orúnkún mi, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ mu omi, kó lọ mu ún báyìí, torí pé kó tó padà dé, mo ti lè parí ẹ̀.

Káyọ̀dé, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí i. Láti àárọ̀ lo ti ń wo ọkọ̀ pupa kan níbẹ̀, èyí tí wọ́n gé orí ẹ̀ dànù. O máa tẹ ibì kan, wọ́n á gbé e wá sí Adigbe níbí, wọ́n á tún béèrè pé ìràwọ̀ mélòó lo fún àwọn. Ó dáa. N kò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n kó o tó tẹ̀ ẹ́, gbọ́ bí èmi náà ṣe ní kí wọ́n bá mi ra irú ẹ̀ wá láti òkè òkun rí. Títí, má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti jẹ́ èèyàn rí.

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí irun ṣì ń bá mi gbé, mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba níbí ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ kan, eyín ń dùn mí. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, wọ́n ní kí n dúró. Ìwé ìròyìn òyìnbó kan wà lórí tábìlì. Mo ṣí i… ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ó kéré. Ìjókòó méjì péré. Kò ní òrùlé, àfi aṣọ kan tí wọ́n ká sẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e kúrò nílẹ̀. Mo ronú sí ìyẹn gan-an. Nínú ìlú tó kún fún àpáta àti gọ́tà báyìí, ọkọ̀ tí èèyàn lè gbé, ṣé kì í ṣe ohun ọlọ́gbọ́n ni?

Mo dìde, mo lọ sílé. Èmi àti eyín mi la jọ lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tọ́jú owó oṣù mi pamọ́ kí n tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń bá èèyàn ra ọkọ̀ láti òkè òkun, ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ṣóyẹmí lorúkọ akọ̀wé tó wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́, aláròyé, ó sì máa ń fi pẹ́ńsùlù họ etí. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ bá a. Lóde òní, ẹ máa yan àwọ̀ ọkọ̀ kí iná tó lọ. Èmi fi oṣù mẹ́rin yan àwọ̀. Táyà, oṣù kan. Awọ ìjókòó, mo lọ fi ọwọ́ pa á, mo padà lọ fi ọwọ́ pa á.

Ṣóyẹmí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?"

Mo ní, "Ìyàwó ì bá ti bímọ báyìí. Fi àwọ̀ pupa yẹn hàn mí sí i."

Nígbà tó yá, ó gbé fọ́ọ̀mù jáde. Ẹ gbọ́ o, ibí ni mo ti ṣe é. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Mo kọ orúkọ Bàámi.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọ kì í ra ohun ńlá àkọ́kọ́ kó fi orúkọ ara ẹ̀ rà á nígbà tí bàbá ẹ̀ wà láyé. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ rà, orúkọ Bàámi ló wà lórí ìwé. Maṣíìnì ìránṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rà, orúkọ Bàámi ló wà lórí rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ Bàámi kò mọ abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀wọ̀ ni. O kọ orúkọ bàbá ẹ, o lo nǹkan ẹ, kò sẹ́ni tó tún máa sọ nǹkan kan. Mo wá kọ orúkọ tèmi sórí ìwé kékeré kejì, èyí tó béèrè ẹni tí yóò máa wà á àti bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe gùn tó, kí wọ́n lè to ìjókòó ẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Ṣóyẹmí wọn ẹsẹ̀ mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bàtà kan síbẹ̀.

Oṣù méjì kọjá. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Wẹ́sídé kan, mo bá Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́tà kan lórí itan wọn bí ẹni gbé Bíbélì. Wọn ò lè ka òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ ọkọ wọn níbikíbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, wọ́n sì rí àwòrán ọkọ̀ lára àpòòwé.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ bàbá ẹ ti jáde."

Mo ní, "Màámi…"

Wọ́n ní, "Má sọ̀rọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i ní Papalanto. Ìyá Ìjọ máa jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lápá òsì. Àwọn ọmọ máa wà láàárín."

Ọkọ̀ oníjókòó méjì ni wọ́n ti pín fún èèyàn méje yẹn o.

Mo gba lẹ́tà, mo kà á. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra ẹ̀ wá bọwọ́ lùwé pé òun mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò ní òrùlé, kó má baà wá máa béèrè òrùlé lọ́wọ́ àwọn tó bá yá. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdé ni wọ́n máa pa ìwé dé. Bí kò bá wá, dókítà kan ń dúró, òun ni wọ́n máa fún. Àti pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́. Èyí ló kù. Ọdún mẹ́ta mi, Káyọ̀dé. Èyí ló kù.

Ẹ ò mọ Bàámi. Dírẹ́bà ni wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi wa ọ̀gá òyìnbó kan lẹ́yìn òmíràn níbi iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Papalanto lọ́hùn-ún. Aṣọ funfun, fìlà funfun, eruku sìmẹ́ǹtì kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ èyí tí wọ́n fọ̀. Bí ọ̀gá bá wà lẹ́yìn, Bàámi kì í wúkọ́. Wọ́n máa ń tọ́jú ikọ́ wọn dé ilé. Gbogbo ọdún yẹn, wọn ò ní ọkọ̀ tiwọn rí. Kódà kẹ̀kẹ́.

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé. Wọ́n jẹun, wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó di àárọ̀ ọ̀la."

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé wọ́n mọ̀ pé orúkọ ọ̀wọ̀ lásán ni? Ṣé wọ́n rò pé tiwọn ni? Bí wọ́n bá rò pé tiwọn ni, ṣé wọn ò ní ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì tó máa gba Ìyá Ìjọ pààrọ̀ ẹ̀? N kò sùn. Eyín náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ Fúráìdé, Bàámi wọ agbádá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ gba ara Olúwa. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: "Bàámi, ẹ má bínú, èmi ni mo ni ín, ẹ kàn bá mi bọwọ́ lù ú ni." Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ọrùn ẹ ń làágùn." Mo pa á dé. Mo tún la ẹnu, ẹnì kan kí wọn lójú ọ̀nà: "Bàbá, ẹ kú ọkọ̀ tuntun o!" Ẹnu Màámi ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Mo tún pa á dé.

A wọ ṣọ́ọ̀bù. Aago ara ògiri ti kọjá mọ́kànlá. Ṣóyẹmí dìde. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú oríire."

Bàámi ní, "Kò tíì dé. Má tíì kí mi."

Wọ́n gba ìwé àwòrán, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú. "Bíréèkì ẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe ń mú? Báwo ló ṣe wúwo tó?"

Ṣóyẹmí ní, "Ó fúyẹ́ dáadáa, sà."

"Mi ò béèrè bóyá ó fúyẹ́. Mo ní báwo ló ṣe wúwo tó."

Ṣóyẹmí ń ṣí ìwé, ó ń ṣí ìwé. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ẹ̀ rí. Èmi tí mo ra ọkọ̀, àwọ̀ nìkan ni mo ti ń bi í.

"Òrùlé ńkọ́?"

"Kò ní, sà. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ bọwọ́ lù gan-an nìyẹn."

"Bí òjò bá rọ̀?"

"Aṣọ kan wà, sà."

"Bí aṣọ náà bá ya?"

"Ẹ ó tutù, sà."

Bàámi mi orí. "O kì í purọ́." Wọ́n tún wo àwòrán náà. Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń wá nǹkan kan. "Ibo ni ọ̀gá ń jókòó sí?"

Ṣóyẹmí ní, "Ọ̀gá wo, sà?"

"Ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n ń wà."

"Kò sí ìjókòó ẹ̀yìn, Bàbá. Ẹni tó ni ín ló ń wà á."

Ẹ gbọ́… Bàámi yọ ìka kúrò lára àwòrán náà. Mo wo aago. Mo wo Bàámi. Ìgbà yẹn ni Ṣóyẹmí ṣí fáìlì, kí ló wà lókè? Ìwé kékeré kejì. Orúkọ mi, gàdàgbà. Bàámi ti ń wá awò ojú wọn nínú àpò agbádá. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé orí ìwé náà.

Ṣóyẹmí ní, "Bọ̀ọ̀dá, fìlà yín wà lórí ìwé."

Mo ní, "Orí mi ń gbóná."

"Ṣùgbọ́n ìwé yẹn la máa…"

"Mo ní orí mi ń gbóná."

Kò yé Ṣóyẹmí. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́, mo rí ọ̀rọ̀ náà lórí ahọ́n ẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, òótọ́ á jáde, Bàámi á bọwọ́ lùwé fún mi bí bàbá ṣe ń ṣe, n ó gbé ọkọ̀ mi. Ohun tí mo tò sílẹ̀ láti àná kúkú nìyẹn. Kí ló wá dé tí mo ń fi fìlà bo ìwé?

Bàámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò wo Ṣóyẹmí. Èmi ni wọ́n wò.

Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, èèyàn ti ń mí sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mi ò sọ fún ìyá ẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀?"

Mi ò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin ọmọ. Eyín ni mo lọ yọ.

Mo ní, "Mo ṣàkíyèsí ni, sà."

Wọ́n bọwọ́ lùwé. Wọ́n fara balẹ̀ kọ orúkọ wọn tán pátápátá, kò ku lẹ́tà kan, bí ẹni pé òyìnbó á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú fìlà mi pẹ̀lú ìwé tó wà lábẹ́ ẹ̀, mo dé méjèèjì pọ̀. Ṣóyẹmí wò mí pẹ́. Ọmọlúàbí lọkùnrin náà. Ó fa téèpù yọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ na ẹsẹ̀ yín kí n wọ̀n ọ́n."

Ẹsẹ̀ Bàámi kúrú sí tèmi. Bí wọ́n ṣe to ìjókòó náà nìyẹn, n kò lè wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé orúnkún mi kan etí mi.

Ó dé. Bàámi fúnra wọn ló lọ wà á wá láti èbúté Apápá, Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi gèlè de àgbọ̀n mọ́rí nítorí afẹ́fẹ́. Èmi wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn. Ní Papalanto, níwájú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe dírẹ́bà, mo rí Bàámi lókèèrè, wọ́n dín eré kù, wọ́n wúkọ́. Ó le. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Wọ́n wá tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n lọ. Títí wọ́n fi kú, wọn ò gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn mọ́.

Ayé ti yí o. Ní báyìí, fóònù ti mọ orúkọ ẹ kó o tó sọ ọ́, kò sáyè láti kọ orúkọ ẹlòmíràn. Káyọ̀dé, tẹ̀ ẹ́ bó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi bàbá ẹ bóyá nǹkan kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè má sí. Bi í.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá ní. Ẹ jẹ́ kó parí sínú pálọ̀ yìí. Ẹ mọ ìtàn tí Màámi ń sọ fún gbogbo àlejò, pé ọmọ àwọn ra ọkọ̀ fún bàbá ẹ̀ kó tó ra tara ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù méjì ló ti gbọ́ ọ. Ìtàn yẹn ni wọ́n rò tí wọ́n fi yàn mí ní wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Kò tán síbẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì fi ìtàn yìí ń sùn lójoojúmọ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ dákẹ́… bàtà Màámi nìyẹn. Wọ́n ti jí. Títí, tètè bi mí ní nǹkan míì. Kíá.