Orúkọ Àkọ́pè Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àna Wa

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Òótọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé láti ìgbà tí wọ́n ti bí Túndé. Mo fẹ́ dìde kúrò lórí ẹ̀ lónìí. Kì í ṣe pé ikú ń bà mí lẹ́rù o. Gbogbo Okokomaiko mọ̀ pé Àkànní Onípákó kì í bẹ̀rù. Ìwé márùn-ún ni mo kà tí mo fi sá jáde, ṣùgbọ́n pákó tí mo tà ló rán Dèjì, àbúrò mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, lọ sí yunifásítì. Òun ló fẹ́ Hannah, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ilésanmí bí ní Èkìtì.

Lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ Hannah, Bàbá Ilésanmí, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bi mí níṣojú gbogbo ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ìwé mélòó lẹ kà?" Mo ní, "Márùn-ún." Ó ní, "Háà, ó mà kù díẹ̀ kó pé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bóyá àwàdà ni. Èmi gbé ẹ̀rín yẹn sórí àjà bí ẹja gbígbẹ, ìgbàkígbà tí inú bá sì bí mi, màá bù níbẹ̀ jẹ.

Àkókò kajú, lọ́dún 1985, ni Hannah bímọ ọkùnrin ní Iba. Bàbá tiwa ò tíì pẹ́ tó kú. Mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo ní, "Babátúndé dé!" Dèjì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò gbà pé òkú ń padà wá. Bàbá Hannah ò lọ́mọkùnrin, a sì ti ṣèlérí fún wọn pé Ilésanmí ni orúkọ àkọ́pè, kí orúkọ wọn má baà parẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa fún un lórúkọ kejì."

Orúkọ kejì! Èmi tí mo ru pákó títí orí mi fi pá! Mo ní, "Mo lálàá. Bàbá wa fọwọ́ kan èjìká òsì, ó ní ibẹ̀ la ó ti dá òun mọ̀." Irọ́ ni. Mi ò lálàá kankan. Àpá dúdú róbótó kan wà ní èjìká bàbá wa lóòótọ́, níbi tí epo gbígbóná ti ta sí i. Hannah ṣí aṣọ ọmọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, "Ẹ̀gbọ́n, èjìká ọmọ mi mọ́ tónítóní." Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣa kóró kajú tútù lábẹ́ igi kan lọ́nà Iyana-Iba. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, omi èèpo kóró kajú la fi ń kọ orúkọ sára apá. Ó máa ń bó awọ, àpá rẹ̀ a sì dúdú. Ìwé márùn-ún tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, ohun tí mo rí mú jáde nínú ẹ̀ nìyẹn. Hannah ní, "Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀gbọ́n, kí n sáré wẹ̀." Ó fọkàn tán mi. Mo tú aṣọ ọmọ, mo fi omi yẹn kan èjìká rẹ̀. Kò tilẹ̀ ké. Ó ń wò mí ni. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹkún tó bẹ̀rẹ̀, tí èjìká náà lé ròrò. Hannah ń fi àdí pa á, òun náà ń sunkún, ó ní bóyá ooru ni. Ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já! Ẹranko ò jẹ́ ṣe é.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkómọjáde, ojú ibẹ̀ ti dúdú róbótó, mo ṣí èjìká ọmọ fún ẹbí. Ariwo sọ. Dèjì pàápàá kúnlẹ̀. Bàbá Ilésanmí wo àpá náà títí, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tuntun. Ó ní, "Àna mi, ẹ káàbọ̀." Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi tèmi ṣe ìkejì." Èmi ni mò ń kéde orúkọ. Mo pe Babátúndé, mo gbé abọ́ oyin fún ẹni tó kàn. Mi ò pe tirẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú. Bàbá náà gbé orúkọ rẹ̀ padà sí Èkìtì, Hannah ò sì bí òmíràn mọ́.

Nígbà tí Bàbá Ilésanmí kú lọ́dún tó kọjá, mo ní mi ò ní í débẹ̀. Túndé wá bá mi ní ìsọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Dádì Okoko, ta ni mo jẹ́ fún yín?" Mo ní, "Bàbá mi ni ọ́." Ó ní, "Ó dáa. Bàbá yín ló ń rán yín níṣẹ́ yìí. Ẹ dìde, ká lọ sin bàbá ìyá mi." Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé e. Lójú oórì, wọ́n ní kí ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá wá da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnì kan ò jáde.

Mi ò kábàámọ̀ Babátúndé o. Orúkọ ńlá ni, ọmọ náà sì gbé e níyì. Mò ń fi í yangàn láti Ọjọ́ dé Ijanikin. Èjìká rẹ̀ ló ń dùn mí, àti orúkọ tí mo gbé mì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe tọ́jú ẹ̀rín náà. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Hannah, wò mí nílẹ̀. Túndé, gbé abọ́ oyin tí mo ní kí wọ́n gbé wá yẹn sún mọ́ mi.

Ilésanmí! Dá mi lóhùn, ọmọ mi.