Tí Mo Bá Ní Háàtì, Háàtì Ni Mo Wí

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu tọkọtaya àgbà kan tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan nídìí eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bíríìjì, tí wọ́n sì ti fìdí rẹmi. Nínú eré náà, kí wọ́n tó ta, oníkálukú á ké irú káàdì tó fẹ́ kó borí àwọn yòókù, tàbí kó ké nótúróńpù, pé kí ọ̀kankan má borí.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ké nótúróńpù,” ni ìyá wí. “Káàdì ọwọ́ mi ò lágbára. Háàtì nìkan ló pọ̀ níbẹ̀, ni mo bá ké háàtì méjì, ká lè dúró síbẹ̀. Kí ló gbé yín dé sípéèdì?”

“Níbi tí mo ti kọ́ ọ, ẹni tó bá ké háàtì, sípéèdì tó tẹ̀ lé e ló ń bèèrè.”

“Ìgbà wo la jọ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Tọ́lá?”

“Ṣó tún yẹ ká sọ ọ́ ni? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé gbogbo ayé lẹ jọ jókòó ni, àbí èmi? Sípéèdì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi! Tí mo bá ní háàtì, háàtì ni mo wí!”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìgbà tó ṣe, ìyá na ọwọ́ síwájú. “Díráfà, ẹ jẹ́ n sọ̀ níbí.”

“Máa wa ọkọ̀ ẹ lọ,” ni bàbá wí. “Ibùdókọ̀ tó kàn ló ní lọ́kàn.”

Díráfà tẹ bíréèkì. “Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ibí. Ibí náà ni wọ́n wí.”