Wọ́n Ní Kí N Wá Búra Nípa Tíì Mi

Rárá o, lọ́yà, ẹ má tíì ṣí fáìlì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán! Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ẹ ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga ọkọ mi olóògbé, ẹ̀yin náà lẹ tún wá na ìwé sí mi pé kí n wá búra ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ọjọ́bọ̀ pé tíì mi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ife. Èmi! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì bí ènìyàn ṣe ń ronú! Ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò já sí náà nìyí?

N kò pariwo. Ohùn mi kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ bí ariwo, inú mi ló ń dún.

Kí ni mo fi ṣẹ àbúrò mi tó rán yín wá? Nígbà tó kọ̀wé fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, tó ní òun fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà sílẹ̀, tí gbogbo ẹbí ní orí rẹ̀ ti dàrú, ta ló fún un ní yàrá? Yàrá ìkàwé ọkọ mi ni, èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mo di ìwé olóògbé sínú páálí, mo ti páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ lè rí àyè gbé kọ̀ǹpútà wọn lé. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ kóòdù bí òjò tó ń kán sórí páànù. Ta ló sì ń gbé tíì wọlé fún wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, bí kò ṣe èmi ẹ̀gbọ́n, tó yẹ kí wọ́n máa gbé e fún? Ẹ má dáhùn. Ó ti wà nínú ìwé yín.

Ohun tí wọ́n ṣe dára, n kò ní tìtorí ìbínú purọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ń fi í tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó mú kí wọ́n máa du ú bí omi ọ̀dá? Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ pa orúkọ aláìsàn rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò dá a dúró, yóò ní: Ṣé ó dá ọ lójú? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò tún ní: Kí ló mú kí ó dá ọ lójú? Àfi kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò ní: Bó bá jẹ́ pé o ṣì í ńkọ́? Nọ́ọ̀sì kan dé orí ìbéèrè kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó padà wo orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àṣé ẹni tó wà láàyè, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń bá wọn jà nítorí ìrọ̀rí, ló fẹ́ sọ di òkú! Bí ìròyìn yẹn ṣe tàn nìyẹn. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, ilé ìwòsàn mẹ́ta ti di igba, yàrá ọkọ mi ti di ilé alájà mẹ́rin, ènìyàn méjì ti di ọgọ́fà òṣìṣẹ́, àbúrò mi sì ti di ẹni tó ń wọ ẹ̀wù aláìlọ́rùn lọ sí ìpàdé àwọn àgbà.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn, lọ́yà, ti ta ni? Tèmi ni! Òun ni mo bi í lọ́jọ́ tó ń fi báǹkì sílẹ̀. Òun náà ni mo bi í nígbà tó fẹ́ gbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dárí jì mí títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ ọpẹ́ tí mo gbà. Àwọn tó ń kọ kóòdù ní àṣà kan, ẹ̀yin náà lẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké há ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ kì í kà á, ènìyàn nìkan ló ń kà á. Lókè ìbéèrè mi, kí ni wọ́n kọ? «Ẹ̀gbọ́n Oníyèméjì rèé. Bí o bá ní òùngbẹ ń gbẹ ọ́, yóò ní kí o mú ẹ̀rí wá.» Lábẹ́ rẹ̀: «Ẹni tó bá pa ìlà yìí rẹ́ yóò mu ife tíì rẹ̀ mẹ́ta. Tíì náà dà bí omi tí wọ́n fi fọ ife.» Wọ́n tún fi kún un: «Bí ẹ bá gbọ́ ìró sálúbàtà, ẹ ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́.» Sálúbàtà mi! Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Tèmi kò tilẹ̀ gbé inú ilé, inú kóòdù ló ń gbé.

N kì bá tí mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n Onígíláàsì bínú kúrò, ó di gbogbo kóòdù lẹ́rù lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọn yẹn pa àwọ̀ rẹ̀ dà, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n sì ń tà á. Ọ̀lẹ ni wọ́n! Wọn kò ka ohun tí wọ́n jí. Wọ́n jí kóòdù, wọ́n jí ìbéèrè, wọ́n jí tíì mi mọ́ ọn.

Ẹ̀yin lẹ sì dìde ní kóòtù, ẹ kà á sókè láti inú kóòdù àwọn olè náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, pẹ̀lú ohùn yín tó mọ́ gaara yẹn, bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Akọ̀wé kóòtù fi fáìlì bo ẹnu. Adájọ́ ní, ṣé ẹni yìí wà láàyè? Àbúrò mi kàn yí ọrùn, gbogbo ọrùn tó wà ní kóòtù sì bá a yí. Èmi tí mo jókòó ní ìlà kẹta, tí mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe ìfẹ̀yìntì, mo tilẹ̀ yíjú wẹ̀yìn kí n lè rí ẹni tí wọ́n ń wò!

A jàre, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dì mọ́ mi, ẹ ní, «Mà, ẹ̀yin lẹ gbà wá.» Láti ọjọ́ náà n kò gbádùn mọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ apoògùn, mo ní kí ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní, «Màmá, ṣé ó dá yín lójú?» Ẹ̀jẹ̀ mi ru lójú ẹsẹ̀.

Nísinsìnyí àwọn olè yẹn pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní kò sí ẹ̀gbọ́n kankan níbì kankan, pé àwàdà tó ń kiri láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù ni, pé ibikíbi lènìyàn ti lè rí i ṣà. Ẹ wá kó ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Èkeje: «Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ nípa tíì yín?» Bí mo bá ní irọ́ ni, mo ti gbé àre fún olè, ọgọ́fà ènìyàn sì lè padà sílé. Bí mo bá ní òótọ́ ni, mo ti fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́, lórí ìbúra, níwájú adájọ́ mẹ́ta. Áà!

Ó sì tún wá kù síbì kan. Mo po tíì láàárọ̀ àná, mo gbé ife náà sí ojú fèrèsé, mo wo inú rẹ̀. Òdòdó kan wà tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ ife. Mo ka ewé rẹ̀ láti inú tíì náà. Ewé márùn-ún, lọ́yà, n kò fo ọ̀kan. Nítorí náà bóyá òótọ́ ni. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo òótọ́ ló yẹ kí á gbé lọ sí kóòtù?

Kò burú. Tíì kọ́ ló ń dùn mí.

Ọjọ́ tí àbúrò mi ń fún Onígíláàsì ní kọ́kọ́rọ́ ìwọlé sí gbogbo kóòdù, èmi ni mo gbé àwo tíì wọlé. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní, ṣé ó dá ọ lójú? Mo ní, kí ló mú kí ó dá ọ lójú? Mo ní, bó bá jẹ́ pé o ṣì í ńkọ́? Lójú Onígíláàsì ni o! Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Onígíláàsì mú bísíkíìtì lórí àwo mi. Ẹ wo déètì àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kóòdù yẹn nínú fáìlì yín; àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ wọ́n. Ìbéèrè tí mo fi fẹ́ gbà á là ni wọ́n sọ di ẹ̀fẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ mí rí ń dúró dá mi lóhùn. Igba ilé ìwòsàn! Ọmọ ìyá mi nìkan ni kò dúró.

Nítorí náà, ẹ gbé bírò. Kí ó wá síhìn-ín fúnra rẹ̀, kì í ṣe kí ó máa rán lọ́yà. Kí ó jókòó sí yàrá yẹn, kí ó ṣí kóòdù náà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ tíì mi pé: «Ó bi wá léèrè nípa Onígíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta. A rẹ́rìn-ín.» Kí ó sì mu ife mẹ́ta, òfin tiẹ̀ ni, òun ló kọ ọ́. Bó bá ti ṣe ìyẹn, n ó wá ní Ọjọ́bọ̀, n ó búra sí tíì, n ó búra sí sálúbàtà, n ó tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wá kí àwọn adájọ́ lè gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ti sọ ọ́. N ó wá.

Ẹ̀n-ẹ́n? Ẹ ní kí ni?

Ṣé ó dá mi— Háà! Lọ́yà! Ẹ̀yin náà! Ó ti wọ̀ yín lára! Ha, ha, ha! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí... Ẹ gbé ife tíì yẹn, èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí ẹ ti dé. Ẹ gbé e, mo ní. Ẹ mu ún tán!