Aṣọ Ikú Yavdokha Wà ní Kóòtù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, àti ẹ̀yin tí ojú yín ò kúrò lórí àwo láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ fi ṣíbí sílẹ̀ ná. Àlìkámà olóyin tí a sè nítorí òkú yìí ò ní sá lọ.

Èmi Motrya ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti wọlé ọkọ, ọgbà kan ṣoṣo ló là wá láàárín, èmi àti Yavdokha tó sùn sínú pósí yìí. Kò sí àárọ̀ tí a kì í bú ara wa lórí ọgbà náà. Lójú rẹ̀, adìẹ mi kì í ṣe adìẹ, olè ni.

Obìnrin yìí lágídí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọ̀tá ré ààlà wọ abúlé wa, tí ẹ̀yin ọkùnrin yìí wọ abẹ́ ilẹ̀ bí eku, òun ló jáde lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé kó gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ kúrò lórí àlùbọ́sà òun.

Ẹ rántí ọ̀gá yẹn. N kò ní da orúkọ rẹ̀ sórí oúnjẹ òkú. Kò-Sófò ni mo ń pè é, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òun ló ní kí wọ́n to Panas, ọmọ kan ṣoṣo tí Yavdokha bí, àti Lukash olóyin mọ́ ògiri ilé ìwé, kí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú fóònù lọ́wọ́, ó ní amí ni wọ́n. Akọni ọkùnrin! Ó gbé ìbọn, ó ṣẹ́gun fóònù!

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun tiwa dé, Kò-Sófò sá débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọpọ́n ìwẹ̀ Paraska. Paraska, ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ gbọ́ ohun tí Paraska wí: "Tòun ti ẹ̀rọ omi rẹ̀!" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá kànga Yavdokha, ọta ti bà á, ó ń pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wo ọmọ, ó wo ọpọ́n, ó rí i pé ọkọ̀ ò gba àwọn méjèèjì. Ọpọ́n ló gbé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọpọ́n ló gbé!

Ọmọ náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní kí a wọ́ ọ sígbó fún ajá. Yavdokha, tí iyẹ̀pẹ̀ sàréè Panas ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọlé, ó ṣí àpótí. Gbogbo àwa obìnrin la ní ẹrù ikú nínú àpótí: ẹ̀wù, ìborí, àti aṣọ funfun tí a fọwọ́ ara wa fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí, tí wọn ó fi bò wá. Ó mú tirẹ̀, ó fi wé ọmọ ọ̀tá, ó sì sin ín sínú oko ọ̀dùnkún rẹ̀.

Ẹ rọ́ dé géètì rẹ̀ ẹ wá wòran. Ẹ tutọ́. Hapka, ìwọ lò ń pòwe fún un lọ́jọ́ náà: "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn!" Èmi náà bi í lórí ọgbà pé, "Yavdokha, ṣé orí rẹ pé?"

Ó ní: "Motrya, panu mọ́. Ọmọ yìí ní ìyá. Yàtọ̀ síyẹn, mo mọ ọ̀gá rẹ̀. Ó máa sọ pé òun ò débí rí. Mo fẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà nítòsí mi."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Wọ́n mú Kò-Sófò lójú ogun, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù fún ìwà ọ̀daràn tó hù. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, ó ní òun ò mọ abúlé wa. Ó ní kò sófò kankan fún òun lágbègbè yìí, ẹyọ ọmọ ogun òun kan ò kú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ti sọ fún ìyá ọmọ yẹn pé ṣe ló sá níṣẹ́ ogun. Òkú tó wà lábẹ́ ọ̀dùnkún ló sá! Ẹni tó yàgbẹ́ ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Yavdokha dìde tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ó ní: "Ọ̀gá, bí ẹnì kankan ò bá sọnù lọ́wọ́ rẹ, ọmọ ta ló wá ń sùn nínú oko mi?"

Wọ́n wá hú ilẹ̀. Irin orúkọ ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà, orúkọ ẹgbẹ́ ogun Kò-Sófò sì wà lára irin náà. Lọ́yà rẹ̀ sọ pé ibòmíràn ni ìyá arúgbó yìí ti wọ́ òkú wá. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Yavdokha lè wá sọ bó ṣe sin ín. Ẹ ò rí i pé ikú ò láàánú? Lánàá, lọ́yà ti ń sọ fáwọn oníròyìn pé ẹlẹ́rìí ti kú, ẹjọ́ náà ti kú.

Lọ́yà ò gbọ́n. Aṣọ tí wọ́n bá lára òkú, èmi jókòó ti Yavdokha nígbà tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí i. Ẹyẹ méjì ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan wọ́, torí pé bó ṣe ń rán an ló ń bá mi jà. Màá lọ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ tutọ́ ní géètì ńkọ́? Ta ló rí i nígbà tó ń gbẹ́ ilẹ̀, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Ẹ wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ ara yín di ẹlẹ́rìí. Hapka, ẹnu tó pòwe yẹn ló máa búra lọ́jọ́ Ajé. Bọ́ọ̀sì á dúró níwájú ilé rẹ. Má jẹ́ kí n wá kan ilẹ̀kùn rẹ.

Kí o sì ká aṣọ ikú tí o gbé wá láti fi bò ó yẹn. Mo mọ̀ pé o rò pé o fi ń tọrọ àforíjì. Yavdokha ti kìlọ̀ fún mi: "Ẹ má fi tẹlòmíràn bò mí. Tèmi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní kóòtù."

Yavdokha, máa lọ. Lọ bá Panas. Bí o bá bá ọmọ ogun yẹn lọ́nà, sọ fún un pé wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí adájọ́ bá ti parí, èmi fúnra mi ni màá gba aṣọ rẹ wá, màá so ó mọ́ àgbélébùú rẹ, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ yẹn ni màá kọ síta. Láti àárọ̀ ni adìẹ mi ti wà lórí àlùbọ́sà rẹ, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi. Sùn re.